Àṣìṣe ìyọ̀ǹda nínú ìmúdójúìwọ̀n ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Àṣìṣe ìyọ̀ǹda nínú ìmúdójúìwọ̀n ètò ìṣiṣẹ́ ni ìkùnà tó máa ń wáyé nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti gba àtúnṣe tuntun sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí kò lè fi í sí àyè rẹ̀, nítorí pé fáìlì, fódà tàbí àkọsílẹ̀ kan nínú ẹ̀rọ náà kọ̀ láti gba ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan sí i. Lórí Windows, ọ̀rọ̀ tí olùlò máa ń rí ni "Access is denied" pẹ̀lú nọ́ńbà 0x80070005. Lórí Linux, "Permission denied" ni.

Ní Erékùṣù Èkó, àwọn ilé-ìfowópamọ́ ńlá wà ní Marina àti Broad Street, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà, Bálógun àti Òkè Àrín ń fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ka ọjà, tí wọ́n tún ń fi í tẹ rìsíìtì. Níbẹ̀, irú àṣìṣe yìí ní àwọn ìdí kan tí ìwé ìtọ́sọ́nà òkè òkun kì í sábà mẹ́nu bà: owó dátà, iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ṣì ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́.

Bí ìyọ̀ǹda ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ara-ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ló ni ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. MS-DOS kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ, Windows 95 àti 98 náà kò sì ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ọ̀tọ̀ ni ti Unix. Láti àwọn ọdún 1970 ni fáìlì kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín, ẹgbẹ́ tó lè lò ó, àti ìwọ̀n ohun tí àwọn ará ìta lè fi í ṣe. Windows NT 3.1, tó jáde ní ọdún 1993, mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ inú Windows pẹ̀lú ètò ìtọ́jú fáìlì tí wọ́n ń pè ní NTFS. Lórí NTFS, àkọsílẹ̀ kan so mọ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ẹni tó lè kà á, ẹni tó lè kọ nǹkan sí i, ẹni tó lè pa á rẹ́, àti ẹni tó lè yí àkọsílẹ̀ náà gan-an padà.

Windows Vista, tó dé ọwọ́ àwọn olùlò ní oṣù kìíní ọdún 2007, tún fi ìgbésẹ̀ kan kún un. Láti ìgbà náà, alákòóso kọ̀ǹpútà kọ́ ló ni àwọn fáìlì pàtàkì Windows. Àkáǹtì abẹ́lẹ̀ kan tó ń jẹ́ TrustedInstaller ló ni wọ́n. Alákòóso lè ka fáìlì wọ̀nyí, kò sì lè pààrọ̀ wọn bí kò bá kọ́kọ́ gba ohun-ìní náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: "Èmi ni mo ra kọ̀ǹpútà, kí ló dé tó ń sọ fún mi pé n kò láyè?" Ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò yẹ kó pẹ́ kí ó tó lóye rẹ̀. Ní ọjọ́ Adámú Òrìṣà, ẹni tó ni ilé ní òpópónà tí Ẹ̀yọ̀ ń gbà kọjá pàápàá gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀. Tirẹ̀ ni ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ti bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn ní ọjọ́ náà.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kò le. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó bá wọlé nípasẹ̀ olùlò máa ń gba agbára olùlò náà. Bí olùlò kò bá lè pààrọ̀ fáìlì ètò ìṣiṣẹ́, kòkòrò náà kò ní tètè rí i ṣe.

Ìmúdójúìwọ̀n fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ méjì mẹ́ta. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ wuauserv ló ń béèrè ohun tó kù tí ẹ̀rọ náà kò tíì ní. BITS ló ń fa àwọn fáìlì náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń kó wọn sí fódà C:\Windows\SoftwareDistribution. Cryptsvc ló ń wo òǹtẹ̀ orí wọn, kí ó lè dá a lójú pé ọ̀dọ̀ Microsoft ni wọ́n ti wá, ó sì ń lo fódà catroot2 fún iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni TrustedInstaller ń kó wọn sí àyè wọn, tí yóò sì parí iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá kú tó sì tún tàn. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá kan ilẹ̀kùn tó tì, gbogbo iṣẹ́ náà á dúró, olùlò á sì rí "Undoing changes made to your computer" lójú gíláàsì fún ìṣẹ́jú pípẹ́.

Kókó kan tó yẹ ní mímọ̀ ni pé àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yìí kì í lo orúkọ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, olùlò lásán tí kì í ṣe alákòóso lè gba ìmúdójúìwọ̀n láti inú Settings láìsí wàhálà. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè alákòóso ni ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fáìlì ìmúdójúìwọ̀n tó ní àpèlé .msu. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún ni, pé kí ènìyàn sọ ara rẹ̀ di alákòóso, kì í sábà yanjú 0x80070005.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ

Nọ́ńbà àṣìṣe Windows dà bí ohun ìjìnlẹ̀, ó sì ní ìtumọ̀. Nínú 0x80070005, nọ́ńbà 8 ìbẹ̀rẹ̀ ń sọ pé iṣẹ́ kùnà. 7 àárín ń sọ pé inú àkójọ àṣìṣe Windows fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. 5 ìgbẹ̀yìn sì ni àṣìṣe gan-an, "wọn kò gbà ọ́ láyè". Nọ́ńbà 5 yìí ti wà láti ayé MS-DOS.

Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi oògùn orí fọ ẹsẹ̀, nítorí àwọn àṣìṣe mìíràn wà tó jọ ọ́. 0x80070020 túmọ̀ sí pé ètò mìíràn ń lo fáìlì náà lọ́wọ́. Apakòkòrò ló sábà ń fà á. 0x80070070 ń sọ pé dísìkì ti kún. 0x80073712 àti 0x800f081f ń sọ pé àkójọ fáìlì tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe ti bàjẹ́ tàbí pé kò pé. Kò sí èyí tí yíyí ìyọ̀ǹda padà lè wò sàn nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkùnà tó ti inú íntánẹ́ẹ̀tì wá: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà tó ń sìn Èkó di tín-ín-rín, ìmúdójúìwọ̀n tó bá sì kùnà ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rárá.

Àwọn ohun tó ń fà á ní Èkó

Àkọ́kọ́ ni dátà. Ìmúdójúìwọ̀n Windows kan lè wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì, ẹ̀dà tuntun tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún sì máa ń ju gígábáìtì mélòó kan lọ. Oníṣòwò tó ń so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ fóònù kò ní fẹ́ kí ẹ̀rọ náà jẹ dátà rẹ̀ tán láàárọ̀. Ó lọ bá onímọ̀ẹ̀rọ àdúgbò, ó ní kí ó "pa ọ́pdéètì". Onímọ̀ẹ̀rọ mọ̀ pé bí òun bá kàn dá wuauserv dúró, Windows 10 tàbí 11 yóò tún jí i dìde. Nítorí náà, ó gba ohun-ìní fáìlì náà, ó yọ orúkọ SYSTEM kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìyọ̀ǹda rẹ̀, tàbí kí ó lo ètò kékeré kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Iṣẹ́ náà yọrí. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹlòmíràn ra kọ̀ǹpútà náà, ó fẹ́ gba ìmúdójúìwọ̀n, ó sì bá ilẹ̀kùn tí ẹnìkan ti tì tó sì ti ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù. Irú àwọn ètò tí wọ́n fi ń lo Windows láìsanwó náà máa ń fọwọ́ kan àwọn fáìlì yìí kan náà.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tó rọrùn wà. Nínú Settings, bí ènìyàn bá sọ fún Windows pé ìlà íntánẹ́ẹ̀tì òun jẹ́ "Metered connection", kò ní máa fa ìmúdójúìwọ̀n ńlá wálẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. A tún lè fi iṣẹ́ náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú "Pause updates".

Èkejì ni iná. Bí iná bá lọ tí bátìrì tòkunbọ̀ kò sì gbé ẹ̀rọ dúró kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, ìmúdójúìwọ̀n tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè dúró ní àárín méjì. NTFS máa ń gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, fáìlì tó kù sílẹ̀ nínú SoftwareDistribution lè wà láìpé, àkọsílẹ̀ ìyọ̀ǹda rẹ̀ sì lè má bá ohun tí TrustedInstaller ń retí mu.

Ẹ̀kẹta ni tòkunbọ̀. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, tó sì ń dé Erékùṣù Èkó, ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ti lè pàṣẹ fún un pé orí kọ̀ǹpútà olùpèsè tirẹ̀ nìkan ni kí ó ti máa gba ìmúdójúìwọ̀n. Olùpèsè náà kò sí mọ́, àṣẹ náà kò sì tíì kúrò. Olùlò yóò rí ọ̀rọ̀ kan nínú Settings tó ń sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ló ń ṣàkóso àwọn ètò kan lórí ẹ̀rọ rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà 0x8024002E. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ tó wà lórí dísìkì lásán ni, fífọ dísìkì mọ́ àti títún Windows fi sí i yóò mú un kúrò. Ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì náà bá ti fi orúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Autopilot, fífọ dísìkì kò ran nǹkan kan. Bí Windows bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò tún béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-iṣẹ́ náà. Ọ́fíìsì tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló lè pa á rẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ lè yẹra fún wàhálà yìí bí ó bá ní kí olùtajà tan ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lójú òun, pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì, kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ìdí tí kò fi yẹ ká fi í sílẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ MS17-010, láti dí ihò kan nínú ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn, kòkòrò WannaCry gba inú ihò yẹn wọlé. Ó ti àwọn fáìlì olùlò pa, ó sì béèrè 300 dọ́là ní Bitcoin kí ó tó ṣí wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti dé orí kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150. Àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀ jù. Kọ̀ǹpútà tó ti gba àtúnṣe náà kò ní ihò tí kòkòrò yìí ń gbà wọlé. Èyí tí ẹnìkan ti "pa ọ́pdéètì" rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Oníṣòwò tí àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ náà tún gba ìrònú láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí Microsoft parí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní TPM 2.0, tí kò sì lè gbé Windows 11 gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí, kò ní ìdí láti máa wá àṣìṣe ìyọ̀ǹda kiri bí kò bá sí ìmúdójúìwọ̀n tuntun tó ń bọ̀ wá bá a.

Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe

Kí ènìyàn tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kó da àwọn fáìlì rẹ̀ kọ sórí dísìkì mìíràn, kó sì fi ẹ̀rọ sídìí iná tó dúró. Lẹ́yìn náà, kó tún ẹ̀rọ tàn. Èyí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ń tú àwọn fáìlì tí ètò kan dì mú sílẹ̀. Bí apakòkòrò mìíràn bá wà yàtọ̀ sí ti Windows, kí ó dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí irú wọn máa ń rò pé ìmúdójúìwọ̀n ni ọ̀tá.

Bí àṣìṣe náà ṣì wà, ohun tó kàn ni láti lé àwọn fódà tó ti dàrú kúrò kí Windows lè dá òmíràn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tó tọ́. Olùlò yóò ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, yóò sì tẹ àwọn àṣẹ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

net stop wuauserv
net stop bits
net stop cryptsvc
ren C:\Windows\SoftwareDistribution SoftwareDistribution.old
ren C:\Windows\System32\catroot2 catroot2.old
net start cryptsvc
net start bits
net start wuauserv

Àwọn fódà náà kò parẹ́. Orúkọ wọn nìkan ló yí padà, nítorí náà ènìyàn lè padà sẹ́yìn. Bí àṣẹ ren bá sọ pé òun kò láyè, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ mẹ́ta náà ti jí dìde kó tó tẹ̀ ẹ́, kí ó tún un dá dúró. Bí àṣẹ net stop tàbí net start fúnra rẹ̀ bá sọ pé "Access is denied" nígbà tí alákòóso ló ń tẹ̀ ẹ́, àmì ńlá ni: ẹnìkan ti fọwọ́ kan ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ náà gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń tún àwọn fáìlì Windows ṣe. DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀, kí sfc /scannow tó tẹ̀ lé e, nítorí pé inú àkójọ tí DISM bá tún ṣe ni sfc ti ń mú fáìlì rere. DISM ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí dátà bá ti wọ́n, a lè fi /Source tọ́ka sí fáìlì install.wim tó wà lórí dísìkì ìfisílé Windows. Iṣẹ́ méjèèjì lè pẹ́ ju ìdajì wákàtí lọ, ó sì lè dà bí ẹni pé ó ti sùn ní àárín.

Ẹni tó fẹ́ mọ fáìlì náà gan-an tó kọ̀ lè ṣí C:\Windows\Logs\CBS\CBS.log, kó wá "0x80070005" tàbí "E_ACCESSDENIED" nínú rẹ̀. Orúkọ fáìlì tàbí àkọsílẹ̀ tó fa ìjà sábà máa ń wà nítòsí ibẹ̀. Ìwé yìí gùn, kò sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n òun ni kì í purọ́.

Ohun kan wà tí kò yẹ ní ṣíṣe rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ fídíò ń kọ́ni: kí ènìyàn gba ohun-ìní gbogbo C:\Windows, kó sì fún "Everyone" ní agbára gbogbo lórí rẹ̀. Àṣìṣe náà lè parẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n gbogbo odi tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ ti wó, àwọn ìmúdójúìwọ̀n mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà nítorí pé fáìlì kò sí lọ́wọ́ TrustedInstaller mọ́. Bí ìyọ̀ǹda bá ti dàrú débi tí àwọn ìgbésẹ̀ òkè wọ̀nyí kò ran án, ó sàn kí wọ́n ṣí setup.exe láti orí dísìkì ìfisílé nígbà tí Windows ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì yan pé kí fáìlì àti ètò olùlò wà níbẹ̀. Yóò fi Windows tuntun rọ́pò ti àtijọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tó bófin mu, láìpa ìwé ẹnikẹ́ni rẹ́.

Lórí Linux àti Mac

Lórí Ubuntu àti àwọn ẹbí rẹ̀, nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́ ló ṣe pàtàkì. Bí apt bá sọ pé òun kò lè ṣí /var/lib/dpkg/lock-frontend, tó sì fi "13: Permission denied" kún un, olùlò ti gbàgbé láti fi sudo ṣáájú àṣẹ rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ 11, ètò ìmúdójúìwọ̀n mìíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Sùúrù ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe pípa fáìlì náà rẹ́. Bí ó bá jẹ́ 30, "Read-only file system", ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìyọ̀ǹda. Linux ti rí àléébù lórí dísìkì, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí iná lọ lójijì, ó sì ti pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sí i mọ́. Wọ́n ní láti fi fsck yẹ dísìkì wò láti orí USB ìfisílé. Bí iná bá sì ti lọ ní àárín ìfisílé, sudo dpkg --configure -a ni yóò parí ohun tó kù.

Àṣẹ chmod -R 777 / jẹ́ ẹ̀gbọ́n "Everyone" ti Windows, ó sì burú jù ú lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, àmì tó ń jẹ́ kí sudo ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára root yóò ti sọnù, sudo fúnra rẹ̀ á kọ iṣẹ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì ní lè tún un ṣe láti inú ẹ̀rọ náà.

Apple ti fi fáìlì ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ System Integrity Protection láti ọdún 2015, nínú OS X El Capitan, ó sì yọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tún ìyọ̀ǹda ṣe kúrò nínú Disk Utility ní ọdún kan náà. Lórí Mac tó ń lo ẹ̀rọ Apple fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti M1 ọdún 2020, àkáǹtì tí ètò náà kà sí ẹni tó ni dísìkì nìkan ló lè fọwọ́ sí ìmúdójúìwọ̀n. Tòkunbọ̀ Mac tí olùtajà ti dá àkáǹtì sí tẹ́lẹ̀, tó sì dá òmíràn fún oníbàárà láìpa ti àkọ́kọ́ rẹ́, lè máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tí oníbàárà kò mọ̀ rí. Fífọ ẹ̀rọ náà mọ́ pátápátá nípasẹ̀ Recovery ló sábà máa ń yanjú rẹ̀, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Apple.